Ẹ Gbé Ọbẹ̀ Láti Ilé, Ẹ Ra Òkèlè Níta: Oúnjẹ Ọ̀sán fún Òṣìṣẹ́ Tí Kò Ráyè

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowé, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, aago márùn-ún ìdájí kì í bá a nílé. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ebi á ti pa á débi pé ohun tó bá kọ́kọ́ kò lọ́nà ló máa rà: ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta, ẹran kan, mínírà kan. Ojoojúmọ́ ni owó yẹn ń jáde, síbẹ̀ ìrẹsì ló kún abọ́, ẹ̀fọ́ kò sí níbẹ̀, ẹran ọ̀hún kò sì ju ìka méjì lọ. Tó bá di aago mẹ́ta, oorun á máa kùn ún lórí ìjókòó.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó fún yín ní búkà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe òkèlè ló ń gbé owó náà ga. Ẹran ni, ẹja ni, ẹyin ni. Ẹ̀kọ tútù, ẹ̀bà, bọ̀ọ̀lì àti iṣu sísè ṣì wà lára ohun tí kò wọ́n jù lójú títì, ó sì ṣòro kí ẹ rí àdúgbò ilé iṣẹ́ tí wọn kì í ti í tà wọ́n. Ohun tí a máa gbà yín níyànjú nìyí: ẹ gbé ọbẹ̀, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ láti ilé, kí ẹ sì ra òkèlè nítòsí ibi iṣẹ́. Ẹrù á fúyẹ́, ẹ kò ní máa tẹ̀bà láago mẹ́rin ìdájí, òkèlè tí ẹ máa jẹ á sì gbóná. Ẹ̀bà ìdájí á ti le kí ọ̀sán tó pọ́n.

Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé

Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ se ẹ̀wà, ata, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí ẹ máa gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ bí ẹ bá ní ojú iná méjì, torí pé bí ẹ̀wà bá ń jinná lápá kan, ata á máa gbẹ lápá kejì.

Ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná. Ẹ̀wà olóyin ló dára jù fún ẹni tí kò ráyè, torí ó máa ń tètè jinná ju ẹ̀wà funfun lọ, adùn inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó béèrè epo púpọ̀. Ife mẹ́ta gbígbẹ á wú di bí ife méje, ìyẹn sì tó oúnjẹ ọ̀sán márùn-ún fún ẹnì kan. Ẹ ṣà á dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ wá bu omi tuntun sí i. Omi àkọ́kọ́ yẹn máa ń gbé díẹ̀ lọ nínú ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ kún inú èèyàn. Ẹni tó ń sọ pé ẹ̀wà kò bá òun lára mu, kó kọ́kọ́ gbìyànjú èyí ná kó tó pa ẹ̀wà tì. Nínú ìkòkò lásán, á gbà tó wákàtí kan. Nínú pressure pot, ìṣẹ́jú 20 ti tó. Ó dìgbà tó bá rọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹ má fi káún sè é. Òótọ́ ni pé káún ń jẹ́ kó tètè rọ̀, àmọ́ ó ń ba fítámì B kan tó wà nínú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ń fi kún sódíọ̀mù tó ń wọ ara, èyí tí kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Lẹ́yìn tí ẹ̀wà bá jinná ló máa ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n á dé ìkòkò náà ní gbígbóná, wọ́n á lọ sùn. Àárín ìkòkò ńlá máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bẹ́ẹ̀ ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí tó ń mú oúnjẹ kan ń fẹ́. Ẹ bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ márùn-ún, kí jíjìn rẹ̀ má ju ìka mẹ́ta lọ, ẹ ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ fáànù kí ooru jáde, kí ẹ wá dé e, kó sì ti wọ fíríìsà kí wákàtí méjì tó pé. Ṣíbí tí ẹnikẹ́ni bá ti fi kan ẹnu kò gbọdọ̀ padà sínú rẹ̀.

Ata díndín ni gbogbo ètò yìí gbára lé. Ẹ lo tàtàṣé mẹ́jọ, tòmátò mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá méjì. Tàtàṣé gbọ́dọ̀ ju tòmátò lọ, torí omi ló pọ̀ jù nínú tòmátò, omi ló sì ń mú ọbẹ̀ tètè kan. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná láìfi òróró sí i, ẹ ṣí ojú ìkòkò sílẹ̀, kó máa hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, bí ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti gbẹ nígbà tí ẹ bá fi ṣíbí là á láàárín tí ìdí ìkòkò hàn, tí kò sì tètè padà pa dé. Ẹ wá da òróró ife kékeré kan sí i, bíi 200 ml, kí ẹ dín in lórí iná tí kò pọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ máa rò ó kó má jóná nídìí. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa ta sókè, á máa pariwo. Tó bá yá, ariwo rẹ̀ á rẹlẹ̀, òróró á léfòó sókè, pupa rẹ̀ á sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ìgbà yẹn ló jinná. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú, á kan lẹ́nu, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ yọ òróró orí rẹ̀ sínú ìgò, ẹ ó fi dín ẹyin lọ́jọ́ mìíràn.

Mágí kan ti tó fún gbogbo ata yẹn, pẹ̀lú iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi mágí mẹ́fà sè é ti jẹ iyọ̀ yó kó tó fọwọ́ kan ike iyọ̀.

Ní ti ẹja, ṣáwá àti kóté kì í sábà wọ́n tó títùs, ọ̀rá ẹja tó ń ṣe ọkàn lóore sì wà nínú wọn dáadáa. Ẹ fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 8, ẹ jẹ́ kó tutù kó má baà fọ́, kí ẹ tó tò ó sínú ata. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ata gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dì sínú ike kan ṣoṣo, ojoojúmọ́ lẹ ó máa yọ́ ọ, tí ẹ ó tún máa dì í, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́.

Ẹ̀fọ́ ló yá jù. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì mẹ́rin. Ẹ já a, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi púpọ̀ kí iyanrìn tán, ẹ gé e, ẹ da omi híhó lé e fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ wá fún un títí omi ò fi kán mọ́. Ẹ ká a ní ìṣù-ìṣù tó tó ìkúùkù, ẹ gbé e sínú fíríìsà. Lálẹ́ tàbí ní ìdájí, ìṣù kan àti ata ṣíbí ńlá mẹ́ta lórí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀fọ́ rírò ti délẹ̀. Ẹ má bọ úgú ṣáájú ní tiẹ̀. Ẹ kàn gé e kí ẹ dà á sínú ata gbígbóná.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? Fíríìsà tó kún, tí wọn kò ṣí, lè di oúnjẹ mú fún bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò lè ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹ fi omi inú ike dí gbogbo àyè tó bá ṣófo, kí ẹ má sì máa ṣí i wò. Ẹni tí kò ní fíríìsà rárá, kó má sè ju ti ọjọ́ méjì lọ. Ata tó dín gbẹ ni kó sè ṣáájú, kó máa gbé e kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀wà ní tiẹ̀, ìdájí ọjọ́ tó máa jẹ ẹ́ gan-an ni kó sè é.

Mọ́ínmọ́ín

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè gbé lọ síbi iṣẹ́, òun la kà sí jù. Ó ṣeé jẹ ní tútù, kì í tú dà sínú báàgì, òórùn rẹ̀ kì í gba inú ọ́fíìsì kan, ẹ̀kọ, gàrí àti búrẹ́dì sì bá a lọ. Ẹyin kan nínú rẹ̀ àti ẹ̀kọ méjì, oúnjẹ ọ̀sán ti parí.

Ife ẹ̀wà mẹ́ta á fún yín ní bíi méjìlá kéékèèké. Ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ bó o, kí ẹ tún rẹ èyí tí ẹ bó fún wákàtí kan kó lè lọ̀ dáadáa. Ẹ fi tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì àti àlùbọ́sà kan lọ̀ ọ́. Ẹ fi ìka méjì rẹ́ ẹ wò: bó bá ṣì ń ṣe bí iyanrìn, ẹ tún un lọ̀. Ẹ wá po òróró bíi 120 ml mọ́ ọn, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti omi ẹja tàbí omi ẹran tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ife kan àbọ̀ sí méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa da omi náà sí i, torí ẹ̀wà kan ń mumi ju òmíràn lọ. Ẹ fi ṣíbí igi lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ewé eéran tàbí kọ́ọ̀pù irin ni kí ẹ fi sè é, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ike kò yẹ nínú omi tó ń hó fún wákàtí kan. Iná díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí omi ìdí ìkòkò bá ń gbẹ, omi híhó ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì dà á gba ẹ̀gbẹ́.

Bó bá rọ̀ jọ̀ọ̀ tí kò dì, omi pọ̀ jù, tàbí ẹ kò ní sùúrù: lẹ́yìn tó bá tutù fún bí ìṣẹ́jú 15 ló máa ń dì tán, ẹ má dá a lẹ́jọ́ ní gbígbóná. Bó bá le, omi tàbí òróró ló kéré. Bó bá jẹ́ pé ó pín sí méjì, tí ìsàlẹ̀ ki tí òkè sì jẹ́ omi, ẹ kò rò ó bí ẹ ṣe ń bù ú. Ẹ̀wà lílọ̀ máa ń rì sísàlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bu èyí tó kàn. Àárín tó funfun tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ kò tíì jinná.

Láti aago márùn-ún dé aago kan

Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, kúlà ike lásán kò sì lè gbé ooru débẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ ju 60°C lọ, tútù kò gbọdọ̀ ju 5°C lọ. Àárín méjèèjì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Báàgì tó há sínú ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àárín yẹn gan-an ló máa ń wà.

Bí máíkírówéèfù bá wà ní ọ́fíìsì yín, ẹ má gbé oúnjẹ náà kaná ní ìdájí rárá. Ẹ mú un jáde látinú fíríìsà bó ṣe dì gbagidi, ẹ fi tówẹ̀lì kékeré wé e, ẹ fi pọ́ọ̀ wọ́tà tó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ gbé e gbóná títí àárín rẹ̀ á fi máa hó, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín, torí etí abọ́ máa ń gbóná nígbà tí àárín ṣì tutù.

Bí kò bá sí, fíláàsì irin oníhò-ẹnu-gbòòrò lẹ nílò. Ẹ da omi híhó kún inú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì bu ọbẹ̀ tó ń hó lọ́wọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, títí dé ọrùn. Fíláàsì tó kún dé ìdajì kì í pẹ́ tutù. Kí ẹ tó fọkàn tán èyí tí ẹ rà, ẹ fi omi híhó kún un lálẹ́ kí ẹ ṣí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ: ó yẹ kó ṣì gbóná débi pé ẹ ó ní láti fẹ́ ẹ kí ẹ tó lè mu ún. Bó bá jẹ́ pé ẹ lè gbé e mu gbuurugbu, kò tó. Ẹni tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, tí kò ní èkíní tí kò ní èkejì, mọ́ínmọ́ín tó dì gbagidi pẹ̀lú pọ́ọ̀ wọ́tà dídì ló yẹ ẹ́ jù.

Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, á tu májèlé sínú rẹ̀, bí ẹ bá sì tún un gbé gbóná, májèlé yẹn ò ní kúrò. Èébì àti inú rírun tí àwọn èèyàn ń sọ pé epo ló fà, ìrẹsì àná ló fà á nígbà mìíràn. Ẹ ra ìrẹsì ní gbígbóná níta, tàbí kí ẹ dì í gbagidi kó tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá gbé nǹkan kan

Ẹ tètè jáde. Láàárín aago méjìlá sí méjìlá ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkòkò máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aago mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ máa bá. Ẹ wò bóyá èéfín ń jáde nínú oúnjẹ náà, bóyá wọ́n dé e, àti irú omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Bí ọwọ́ tó ń gba owó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà tó ń bu ẹ̀bà, ẹ kọjá síwájú.

Ní búkà alámàlà, òkèlè kan ni kí ẹ gbà, kí owó òkèlè kejì lọ sórí ẹ̀fọ́. Àmàlà kan pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tó pọ̀, ewédú àti ẹja kan, oúnjẹ tó pé ni: ẹ̀wà wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́wà àgànyìn, ata ọlọ́pọ̀ epo yẹn ni kí ẹ mójú tó. Ẹ ṣáà sọ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ata díẹ̀ ni o, kí ẹ fún mi ní èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ má bu epo orí rẹ̀.” Wọn kì í bínú sí i.

Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà náà dára, kò sí epo nínú bọ̀ọ̀lì. Àmọ́ ẹ yẹ ẹ̀pà wò kí ẹ tó dà á sẹ́nu. Èyí tó hun jọ, tó ti yí àwọ̀ padà tàbí tó korò, ẹ tu ú jáde kí ẹ sì da ìyókù nù, torí ó ti bu, májèlé tí irú bíbu bẹ́ẹ̀ ń mú wá máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í mú un kúrò.

Sàláàdì onípara tó ti wà nínú oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ti gé sínú náílọ́ọ̀nù látàárọ̀. Ẹ ní kí wọ́n bẹ ẹ́ lójú yín, tàbí kí ẹ ra ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí àgbálùmọ̀ lásìkò rẹ̀. Ọsàn tí ẹ bá jẹ tẹ̀ lé ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú wọn. Tíì ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ẹ fi tíì sí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Mínírà ló ń jẹ owó jù láìyó ni. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí 100 ml, ike 50 cl gbé gíráàmù 50, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ṣúgà àfikún tí WHO ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́. Ẹ mu omi.

Ohun tó yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀

Gàrí, ẹ̀pà, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, sàdíìnì agolo méjì, àti búrẹ́dì tí ẹ lè rà lójú ẹsẹ̀. Fún gàrí mímu, ẹ jẹ́ kí ẹ̀pà tó gàrí: ìdajì ife gàrí, ìdajì ife ẹ̀pà, mílíìkì ṣíbí méjì, kí ẹ má fi ṣúgà sí i. Gàrí nìkan kì í pẹ́ kúrò níkùn, ebi á sì padà dé kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó yẹra fún gàrí mímu, kó jẹ sàdíìnì àti ẹ̀pà. Bó bá jẹ́ nódù lẹ ní, ìdajì èròjà inú àpò kékeré rẹ̀ ni kí ẹ lò, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí, kí ẹ sì fọ́ ẹyin kan sí i.

Alẹ́ tí ẹ bá délé náà ni kí ẹ fọ fíláàsì, kí ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ yọ rọ́bà inú ìdérí rẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ni ọbẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí, òórùn ibẹ̀ ló sì ń ba oúnjẹ ọ̀la jẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sá wọn ní ṣíṣí mọ́jú. Bó bá ṣì ń rùn, ẹ po baking soda ṣíbí tíì méjì mọ́ omi gbígbóná, ẹ dà á sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ fi omi ṣàn án. Bí òórùn ò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.